Ọ̀nà Ìjàrẹ àti Ike Gọ́ọ̀mù Inú Búùtù

Ẹni tó bá ń ti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ yóò mọ Ọ̀wẹnà, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ní kí a dúró ní ọjọ́ Sátidé kan níparí òjò èṣí. Ìjàrẹ là ń sin Màmá lọ, ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì wà lẹ́yìn. Bí bàbá àwọn ọmọ ti ṣí búùtù láti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, Màmá yọjú wò ó, wọ́n ní, “Sípíà táyà yín dà?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà láti òkè òkun nìyẹn: níbi tí táyà ìbá wà, ike kékeré kan àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi síbẹ̀, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kí ó má jẹ epo jù, kí búùtù sì láyè. Gọ́ọ̀mù olómi ló wà nínú ike náà. Bí táyà bá jò, ẹ ó fi ẹ̀rọ yẹn ti gọ́ọ̀mù wọlé láti ẹnu fáàfù, ẹ ó wa ọkọ̀ díẹ̀ kí ó lè yí ká inú táyà, yóò sì dí ihò náà.

Màmá ní, “Ó dáa o.” Ẹni tó bá mọ Màmá mọ̀ pé “ó dáa o” yẹn kì í ṣe ó dáa.

Kí n má purọ́, gọ́ọ̀mù náà ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kan ṣáájú, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn wa nínú Oǹdó, kò sì pẹ́ rárá tí a fi padà sójú ọ̀nà. Ọkọ mi ra ike mìíràn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

A la Àkúrẹ́ kọjá, a mú ọ̀nà Ìjàrẹ. Màmá ń sọ̀tàn òkè ìlú wọn fún àwọn ọmọ, wọ́n dé orí Òkè Owá, níbi tí àrá ti pa màlúù 36 lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, tí orúkọ Ìjàrẹ fi wọ ìwé ìròyìn káàkiri. Ẹnu ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n wà tí ọkọ̀ fi já sínú kòtò tí omi bò. A gbọ́ gbàù!

Èyí kì í ṣe ihò ìṣó. Ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya, ó gùn tó ìka mi. Síbẹ̀ ọkọ mi fa gọ́ọ̀mù sí i. Bí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni oje funfun ń tú jáde bí ògì, ó da gbogbo rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ìgbà yẹn ló tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ike: ihò tí kò ju mílímítà 6 lọ, ní ojú tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan, kì í ṣe fún ẹ̀gbẹ́ táyà, bí ó bá sì dí tán, ẹ má sáré ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ike náà tún ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, bíi ti oògùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Ẹ mọ bí títì wa ti rí láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbòde. Kì í ṣe lásán ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Mo wo igbó, mo wo àwọn ọmọ, mo ń gbàdúrà láìla ẹnu.

Ọlọ́run ṣe é, ọkọ̀ kan dúró. Dẹ́rẹ́bà náà fẹ́ yá wa ní sípíà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ihò bóòtù mẹ́rin ló ní, tiwa sì jẹ́ márùn-ún. A kò ní jáàkì pàápàá! Àwọn tó yọ sípíà ti yọ jáàkì mọ́ ọn. Jáàkì ọkùnrin yẹn la fi tú táyà, ọlọ́kadà kan gbé ọkọ mi àti táyà wọ Ìjàrẹ. Dẹ́rẹ́bà náà kò fi wá sílẹ̀. Inú ọkọ̀ rẹ̀ la jókòó sí, ó tanná sílẹ̀. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ.

Fọkanáísà ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ṣí táyà tí oje dà lé e lẹ́sẹ̀, ó ní, “Ha, Dádì! Bí ẹ bá tún ti fi nǹkan yìí sí i, ẹ máa sọ fún wa ká tó ṣí i.” Ó fi omi fọ ríìmù, ó wá ní kí ọkọ mi wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ya: 2814. Ọ̀sẹ̀ 28 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun ni, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti gbó kí a tó rà á.

Ní tèmi, ojú títì tiwọn ni àwọn tó ṣe ike yìí fi wò ó. Níbẹ̀, ẹni tí táyà rẹ̀ ya yóò tẹ fóònù, ọkọ̀ yóò wá gbé e. Lọ́nà Ìjàrẹ, ta la fẹ́ pè?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ mi lọ sí Àkúrẹ́, ó ra táyà oníhò márùn-ún pẹ̀lú ríìmù, jáàkì àti sípánà. Ó ra ike gọ́ọ̀mù mìíràn pẹ̀lú, nítorí ìṣó. Iṣu tí Màmá dì fún wa kò ráyè nínú búùtù mọ́. Abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ló wà títí a fi dé Oǹdó.