Igi Wọ́rọ́kọ́ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ara mi fún yín, bí ìtìjú tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún mi.

Ilé wa kò jìnnà sí Gáréèjì Ìkòròdú. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa a máa da ègé igi tí kò wúlò fún wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà: ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́, orí pákó, kókó igi, àti èyí tí ó wọ́ bí apá arúgbó. Ní ọdún 2023, nígbà tí ohun gbogbo gbówó lórí, tí gáàsì sì ju agbára wa lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wọ́n wá sílé. Mo dà wọ́n jọ gègèrè sí orí ilẹ̀ lásán, mo sì fi wọ́n ti ògiri ilé ìdáná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá ọkọ mi. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń rí igi gẹdú tí a so pọ̀, tí ń gba ojú ọ̀sà lọ sí ilé ìlagi ní Èbúté-Mẹ́ta. Ó mọ igi bí alápatà ti mọ ẹran. Ó wo òkìtì mi, ó ní, “Ìyàwó wa, igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, ṣùgbọ́n èyí tí o kó jọ yìí, ilé ni yóò dà rú.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá,” ṣùgbọ́n n kò ṣe nǹkan kan sí i.

Nígbà tí òjò dé, igi náà mu omi láti ilẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń mú àbíkẹ́yìn mi wúkọ́. Ikán gba abẹ́ igi dé òpó ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rán ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, pé kí ó mú igi wá. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́. Àkekèé ti ta á ní ọwọ́. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sáré lọ sí ilé ìwòsàn, a sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọlọ́run ṣàánú wa. Ní òru náà ni mo rántí Pọ́ọ̀lù ní erékùṣù Mẹ́lítà, bí paramọ́lẹ̀ ti jáde láti inú ìdì igi tí ó kó jọ. Mo ti ń ka ìtàn náà láti kékeré, n kò fi í kọ́gbọ́n.

Nígbà tí a padà sílé, mo ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Màmá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Igi kò ṣẹ̀ ọ́. Ibi tí o fi í sí ni kò dára.” Kò bú mi, ó jókòó, ó sì kọ́ mi.

Lákọ̀ọ́kọ́, a ṣa gbogbo igi tí a ti kùn ní ọ̀dà, pákó tí a fi gáàmù lẹ̀ pọ̀, àti èyí tí a ti fi oògùn ikán sí, a yọ wọ́n kúrò, nítorí májèlé ni èéfín wọn. Lẹ́yìn náà a to búlọ́ọ̀kù, a tẹ́ pákó lé e, kí igi lè ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó sì jìnnà sí ògiri. A fi páànù bo òkè rẹ̀. A kò bo ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Igi tútù lè jẹ́ omi ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀; èyí tí ó yẹ fún ààrò, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Bí a bá kan méjì pọ̀, gbígbẹ a máa dún gooro. Tútù a máa dún bẹ̀lẹ̀jẹ̀.

Igi títọ́ ni a tò sórí pákó. Ẹ̀là wẹ́wẹ́, pàápàá ti àfárà tí ó ń tètè gbiná, wọ inú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìhá ẹyìn. Àwọn wọ́rọ́kọ́ àti kókó ní apẹ̀rẹ̀ tiwọn. A kì í fi wọ́n dá iná, ìgbà tí iná bá ti rẹ̀wà tán ni a ń tì wọ́n sí i. Kókó ẹkì kan, igi tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rì sínú omi, a máa se ẹ̀wà jinná láìsí pé a tún un kóná.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe dáná nínú ilé tí a tì pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ikú tí èéfín inú ilé fà ní ọdún 2020 sí mílíọ̀nù 3.2.

Ọwọ́ ọmọbìnrin mi ti san pátápátá. Kò sí ọmọ tí ń lọ mú igi lálẹ́ mọ́. Èmi ni mo ń lọ, pẹ̀lú àtùpà, mo sì ń fi ọ̀pá kan igi kí n tó nawọ́ sí i. Síbẹ̀, bí mo bá ti dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Màmá yóò pè mí láti orí àga rẹ̀: “Ìyàwó wa, ṣé o mú ọ̀pá dání?” Mo ní, “Mo mú un dání, Màmá.” Nísinsin yìí, òtítọ́ ni mo ń sọ.