Kí Alátọ̀gbẹ Má Fẹsẹ̀ Ta Tẹ́tẹ́

Ìrora tí èèyàn mọ̀ lára sàn ju èyí tí kò mọ̀ lọ. Láti ọjà Agége dé àwọn ilé iṣẹ́ Ọba Akran, ìyá ọlọ́jà wà, télọ̀ wà, wẹ́dà wà, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹsẹ̀ á máa ta wọ́n bí ẹni da ata sí i. Nígbà tó bá yá, títa náà á dúró, pajápajá á gbà á. Onítọ̀hún á ní ara òun ti ń yá. Kò yá o! Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló ń kú. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ìṣó á gún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, kò ní mọ̀ títí alẹ́. Ibẹ̀ ni egbò ti ń di ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní oògùn tuntun ń bọ̀, etí alátọ̀gbẹ á nà. Ìròyìn kan sì wà lóòótọ́. Sẹ́ẹ̀lì kan wà lára èèyàn tí òyìnbó ń pè ní stem cell, òun ni ìyá tó ń bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ó máa ń tú àwọn àpò kéékèèké jáde, ojú lásán ò lè rí wọn. Bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń di ẹrù ránṣẹ́ sí oníbàárà ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń fi àpò náà ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì kejì. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn Henry Ford ní Detroit, l'Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé àwọn fún eku tó ní àtọ̀gbẹ ní àpò yìí, iṣan wọn sì ń gbé ìròyìn yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Eku ni wọ́n wí o, wọn ò wí pé èèyàn. Ní oṣù Kejìlá 2019, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé irú nǹkan yìí tí wọ́n ń tà láìgbàṣẹ ti ṣe àwọn aláìsàn kan léṣe ní Nebraska.

L'Ékòó ńkọ́? Ìyẹ̀fun inú páálí ni wọ́n ń gbé kiri, wọ́n á kọ stem cell sí i lára, èso ni wọ́n ní àwọn fi ṣe é. Ọmọkùnrin tó wọ táì á ní, "Màmá, ẹ pò ó mómi, ẹ mu ún, ẹsẹ̀ yín á yá." Màmá tó gbọ́n á ní, "Ọmọ mi, dókítà wo ló fọwọ́ sí i?" Sẹ́ẹ̀lì èso kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì èèyàn. Owó àjọ tó bá lọ síbẹ̀, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló jẹ.

LASUTH wà ní òpópónà Ọba Akínjọbí, ní Ìkẹjà GRA. Dókítà á fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìpẹja kan àtẹ́lẹsẹ̀, á ní kí aláìsàn dijú, kó sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Nílé, kí alátọ̀gbẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ wò lálaalẹ́. Bí ojú ò bá tó o, kí ọmọ bá a wò ó. Kó gbọn bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Kó má fẹsẹ̀ dán omi gbígbóná wò. Kó má pa oògùn ṣúgà jẹ. Egbò kékeré, kó má fi í dọ̀la.

Bí àpò inú sẹ́ẹ̀lì bá sì di oògùn èèyàn lọ́jọ́ kan, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ ló máa jàǹfààní ẹ̀.