Ẹ̀bùn Ọdún Tí Mo Gbé Lọ sí Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kí á tó gba ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá. Ẹ ó rántí pé èmi ni mo dìde tí mo ń pariwo pé kí ọmọ Yorùbá jáwọ́ nínú fífi ìbọn oníke àti bàtà òkèèrè ṣe ẹ̀bùn ọdún. Pé ìwé Yorùbá àti iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá ni kí á máa gbé lọ sílé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Owó tí mo rí nídìí lẹ́sìnnì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ni mo fi ra ẹ̀bùn. Mo ra igbá fínfín fún màmá mi, Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ fún àbúrò mi ọkùnrin, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún bàbá mi. Ní ti ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, mo wọ ọjà kan ní Ìbàdàn, mo ra àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún. Èyí tó ní àwòrán òpó gbọ̀ngàn Mápó lára ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè pé ta ni í ra àdìrẹ ní Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta!

Ilé wa kò jìnnà sí Ìtòkú. Aláró ni ìyá tó bí ìyá àgbà. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n gbé dàgbà. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo gbé aṣọ náà fún wọn, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n kí mi kú ìnáwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí inú aṣọ síta. Ó funfun bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Wọ́n gbé e sí imú.

“Àjọkẹ́, ẹ̀rọ ló ṣe èyí. Aṣọ yìí kò fojú kan aró rí.”

Wọ́n mú mi jókòó, wọ́n sì là mí lọ́yẹ. Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà náà, ojú kan péré lára aṣọ ni wọ́n sì ń yà á sí. Bó bá gbẹ, wọn a tì í bọ aró ẹ̀lú. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, a dà bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di aró. Wọn a tún tì í bọ̀ ọ́, wọn a tún sá a, títí yóò fi ṣú. Ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró kò ní mú. Ẹ̀yìn aṣọ kò ní ẹ̀kọ, nítorí náà ẹ̀yìn ni í ṣú ju ojú lọ. Àṣé èmi tí mo gba máàkì gidi nínú ìdánwò iṣẹ́ ọnà, tí mo lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ oníko àti ẹlẹ́kọ láìmí, n kò yẹ inú aṣọ wò rí. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. N kò bínú sí ẹni tó tà á fún mi. N kò bi í, òun náà kò sì sọ.

Màmá mi gbé igbá kọ́ sára ògiri.

Àbúrò mi ni ó wá bà mí nínú jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ó ṣí Aláwìíyé, ó ń pe ọkọ́ ní ọkọ̀, ó ń wo ẹnu mi. Wọ́n máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá ní ilé ìwé rẹ̀. Bàbá mi ló sì ń san owó ilé ìwé náà, tìrora tìrora. Bàbá dákẹ́. Wọ́n gbé ìwé Fágúnwà tiwọn, wọ́n wò mí lókè awò ojú wọn.

“Ìwọ ńkọ́, o ti kà á tán?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Irọ́ ni mo pa. Ìwé tó ti jáde láti 1938, tí Ṣóyínká ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, àkékúrú tí a máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ara wa ni mo kà wọ yàrá ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ. Ìyá àgbà, tí wọn kò mọ̀wé, ní kí á ka ìwé náà kí àwọn gbọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú dùn wọ́n, èmi gbà á. Lálẹ́ kejì, aládùúgbò méjì gbé àga wá, gẹ́lẹ́ bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ Àkàrà-ògùn nínú ìwé náà. Àbúrò mi ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Lálẹ́ kẹrin ó já mi gbà pé mo fo ìlà kan. Òótọ́ ni, mo fò ó.

A kò tíì dé ibi tí àwọn ọdẹ ti gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó tí mo fi padà sí ilé ìwé. Ìyá àgbà mú mi búra pé n kò ní kà á síwájú láìsí àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ti fi ìwé náà sínú iṣẹ́ wa ní sáà yìí, ìdánwò sì ń bọ̀. Ní alẹ́ àná mo kà á tán. Ẹ jọ̀wọ́, bí ìwé ìròyìn yìí bá dé Abẹ́òkúta, kí ẹnikẹ́ni má ka ojú ewé yìí sí wọn létí.