Èso Ni Í Fi Ìbátan Hàn

Ẹni tí ó ń fọ ewúro fún ọbẹ̀ kì í sábà rò pé ewúro, yánrin àti imí-eṣú jẹ́ ọmọ ìdílé kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì jẹ́: ohun tí ó dà bí òdòdó kan lára wọn, òdòdó wéwèé púpọ̀ tí ó ṣùjọ sórí ìdí kan ni. Irú ewéko tí ó wà nínú ìdílé náà ju 20,000 lọ. Nígbà tí Henri Cassini, ọmọ ilẹ̀ Faransé (1781–1832), pín in sí ojúlé-ojúlé, èso wà lára ohun tí ó yẹ̀ wò. Èso yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní hóró. Inú rẹ̀ ni hóró kan ṣoṣo wà.

Vridi ní Àbíjàn dára fún ẹ̀kọ́ yìí. Ilẹ̀ yanrìn tóóró ni, láàrin ọ̀sà àti òkun, tí a là já ní 1950 kí ọkọ̀ lè wọ èbúté. Irú ilẹ̀ tí a ti tú bẹ́ẹ̀ ni koríko àlejò fẹ́ràn. Ewé Akíntọ́lá, imí-eṣú àti abẹ́rẹ́ olóko, láti Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣí wá. Èso ewé Akíntọ́lá ní irun lórí, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí ti yánrin. Ti imí-eṣú ní ìpẹ́ ṣóńṣó márùn-ún. Ti abẹ́rẹ́ olóko ní ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò sọ pé ewé Akíntọ́lá àti yánrin ni ìbátan, nítorí pé èso àwọn méjèèjì ń fò. Àṣìṣe ni. Àwọn èrò tí ó bá ọkọ̀ kan náà dé èbúté kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Irun àti ẹ̀gún jẹ́ ohun ìrìnnà. Ara èso ni kí a bi léèrè. Ara èso ewé Akíntọ́lá àti ti imí-eṣú dúdú, ó sì ní igun márùn-ún. Awọ dúdú bí èédú wà nínú èèpo wọn; ó wà nínú ti abẹ́rẹ́ olóko pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí nínú ti yánrin. Àyẹ̀wò DNA ti fi ìdí ìbátan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta múlẹ̀. Yánrin yà sọ́tọ̀. Bí a bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun ni yóò jáde.

Ẹni tí ó ń já ewé fún ọbẹ̀ tàbí fún oògùn kò gbọdọ̀ fi ìrísí òkèèrè ṣe ìdájọ́. Olùkọ́ tí ó bá da èso mẹ́rin wọ̀nyí sórí bébà funfun, tí ó sì fún àwọn ọmọ ní awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, ti kọ́ wọn ju orúkọ ewéko lọ: ó ti kọ́ wọn láti mọ ohun tí ó jẹ́ ti ìrìn-àjò yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ ti ìran.