Ìwé Ọ́ìlì

Micra mẹ́rin ni mo fi owó ìfẹ̀yìntì rà, mẹ́ta ń gbé èrò nígboro Ìbàdàn, ẹ̀kẹrin ń ná Ọ̀yọ́. Ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níléèwé. Ìyẹn ló ṣe dá mi lójú pé kò sí mẹkáníìkì tó lè yàn mí jẹ.

Ní 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì ń já wálẹ̀, gbogbo ohun tó ń wọnú mọ́tò ló gbówó lórí. Kéègì ọ́ìlì lítà 4 tí mò ń rà tẹ́lẹ̀ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì di ohun tí mò ń ná bí ẹní ń ná àgbò Iléyá. Kìlómítà 3,000 ni Àlàájì, mẹkáníìkì wa, máa ń ní ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo jókòó, mo ṣírò: bí a bá ń mú un dé 6,000, ìdajì owó ọ́ìlì àti fítà ti kù sápò mi nìyẹn. Mo pàṣẹ fún àwọn awakọ̀ mi. Àlàájì ò bá mi jiyàn, ó kàn ní, “Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò o.” Ó yẹ kí n ti fura sí “o” yẹn.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí èyí tó ń ná Dùgbẹ̀ sí Ìwó Road bẹ̀rẹ̀ sí í lù kọ̀ù-kọ̀ù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àlàájì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ohun tó jáde ò ṣàn. Ó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, ó ki bí ọṣẹ dúdú tí omi kàn, kò sì tó lítà kan ààbọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ti ń jẹ ọ́ìlì jẹ́jẹ́, awakọ̀ ò sì fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ wò, nítorí mo ti ní n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì títí di 6,000. N kò rí i bá wí. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí mo rà gbé gbogbo owó tí mo ti ṣẹ́ kù lọ, ó tún mú lé e.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nǹkan kan ò ṣe èyí tó ń ná Ọ̀yọ́. Ọ́ìlì kan náà, 6,000 kan náà. Mo gbé bírò. Mọ́tò tó ń rin kìlómítà 15 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí 400 kó tó pé 6,000, èyí tó ń sá 60 yóò lo 100 péré. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, táyà dúró, kìlómítà dúró, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ò dúró. Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ èyí: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó ń bá a wá pé ìrìn ìgboro àti eruku jẹ́ iṣẹ́ àṣekára, ká tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé Micra tòkunbọ̀? Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ tèmi.

Àlàájì ló wá kọ́ mi ní ti bébà. Mo ti máa ń rò pé ọ́ìlì tó bá dúdú ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èròjà wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí rìn kó má baà lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, dídúdú yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí kò bá lè gbé e mọ́ ni wàhálà dé. A ó fa ọ̀pá yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, a ó jẹ́ kí ọ́ìlì kán lẹ́ẹ̀kan sórí bébà funfun, ó di ọjọ́ kejì. Bí ó bá tàn, tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí, ó ṣì lẹ́mìí. Bí àárín bá dúdú kirikiri, tí etí rẹ̀ dá ṣáká bí ẹni fi kọ́bọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ti tán.

Àwọn mẹ́ta tó ń ná ìgboro ti padà sí 3,000, ti Ọ̀yọ́ nìkan ló ń lọ jìnnà. Láràárọ̀ Sátidé, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan a mú bébà tirẹ̀ wá, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, mo ń kọ kìlómítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹní ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti Ọ̀yọ́ wà ní 5,400, etí rẹ̀ ṣì ń ṣí. Awakọ̀ Gbági mú tirẹ̀ wá, 2,100 péré. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.”

Mo tún un wò. Mo ní kó wà á lọ sọ́dọ̀ Àlàájì kó tó gbé èrò kankan.