Ohun Tí Mo Rí Nísàlẹ̀ Igbó Bàbá Wa Lẹ́bàá Odò Ọwẹnà

Ẹ̀yin ará wa ní Kafanchan àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí léèrè ohun tí ó mú mi pẹ́ nílé tó bẹ́ẹ̀, tí mo fi pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe òkú. Ọ̀rọ̀ igi ni.

Bàbá wa fi bí éékà 4 igbó sílẹ̀ láàárín oko kòkó wa lápá Oǹdó. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò fi àdá kàn án. Àwọn agégi wá ní ọdún yìí, wọ́n fẹ́ ra ìrókò 1 àti afàrà 3, owó tí wọ́n sì pè tó san owó ilé-ìwé ọmọ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ sí i. Èmi náà ti ránṣẹ́ láti ìhín pé kí wọ́n tà á. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oko, ni ó ní òun kò ní í gba ìfọwọ́sí ẹni tí kò rí ohun tí ó ń tà. Mo gba Keffi, Lọ́kọ́ja, Ọ̀wọ̀ àti Àkùrẹ́ dé Oǹdó. Ti ọ̀nà yẹn, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́.

Nígbà tí a wọ inú igbó náà, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ti ojú oòrùn wọ iyàrá tí a ti pa fèrèsé rẹ̀ dé. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ nínú irú igbó báyìí sọ pé, bí a bá pín èyí tí ó bọ́ sórí igi sí ọ̀nà 100, 1 tàbí 2 péré ni ó ń kanlẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń pín jẹ.

Ewé eéran ni ó kọ́kọ́ gbà wá lálejò. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi ọ̀rá pọ́n mọ́ínmọ́ín níhìn-ín nítorí pé ewé wọ́n, ẹ bá máa sunkún bí ẹ bá rí bí ó ti pọ̀ tó. Ewé kan ṣoṣo ni ó wà lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀ bí àwo, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó bá já bọ́. Kì í bá igi ńlá du òkè. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń rìn, gbòǹgbò rẹ̀ a máa ta lọ títí, ìdí kan a sì gba àyè tí ó tó àgbàlá ilé. Ilẹ̀ náà ni ó ń so èso pupa onígun mẹ́ta rẹ̀ sí. Ohun tí ó bo kóró inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Bí a bá ti lá a tán nígbà èwe wa, omi lásán a máa dùn lẹ́nu wa.

A dé ìdí ìrókò náà. Bàbá ní kí n ka iye ọmọ rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wá a títí, n kò rí ẹyọ kan tí ó ga ju ìka ọwọ́ mi lọ. Àdán ni ń jẹ èso ìrókò lóru, tí ó sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Èyí tí ó bá hù lábẹ́ ìyá rẹ̀, òkùnkùn a pa á. Bí ọmọ ìrókò bá sì pọ̀ lójú kan, kòkòrò kékeré kan a rí wọn, a yé ẹyin sí ewé wọn, ewé a wú kókó-kókó, ọ̀mùnú igi a sì rà. Ìdí nìyí tí oko tí a bá gbin ìrókò nìkan sí kì í fi í ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dá wà láàárín igi ẹ̀yà mìíràn a yè. Bàbá wò mí, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe àdán ni ó gbé ìwọ náà lọ sí Kafanchan?" Ẹ̀rín pa mí.

Ó fi ẹnu àdá kọ ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀. Mo ti rò pé ilẹ̀ dúdú ni yóò jìn lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kí a tó kan ilẹ̀ pupa. Oúnjẹ igbó kò sí nínú àká. Ewé já bọ́, ó jẹrà, gbòǹgbò sì tún gbà á padà kí òjò tó wọ́ ọ lọ. Mo rí fọ́nrán funfun, ìbátan olú, tí ń jẹ ewé náà rà. Irú rẹ̀ mìíràn wà tí ojú lásán kò rí, inú gbòǹgbò igi ni ó ń gbé. Ó ń bá igi wá omi àti oúnjẹ dé ibi tí gbòǹgbò kò dé, igi sì ń fi adùn tí ewé rẹ̀ fi oòrùn sè san owó iṣẹ́ rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìrẹ́pọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹyẹ kan ti su kóró ọdán sórí ọ̀pẹ kan láyé àtijọ́. Ó hù láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó ń na gbòǹgbò sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí gbòǹgbò náà kanlẹ̀ ni ó di ọ̀gá. Ọ̀pẹ ti kú nígbà tí mo rí i, ọdán sì dì mọ́ ọn bí ẹni tí ń kí ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá mú mi dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ta ìrókò kan ní ọdún 2016. Igi kan ni wọ́n sanwó fún, ṣùgbọ́n ó wó lu àwọn mìíràn, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ́ ọ jáde sì tẹ ọ̀pọ̀ mọ́lẹ̀. Oòrùn ń ta lójú ibẹ̀ bí ojú títì. Ewé eéran ti lọ. Akíntólá ni ó bo gbogbo rẹ̀, ó ga jù mí lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá. Orúkọ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà nì ni àwọn àgbà sì fún un lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1962, nítorí pé a fà á tu títí, kò lọ. N kò bú u o, òun ni a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bí àdá bá ṣá ni lóko. Ṣùgbọ́n kò lè gbé abẹ́ ibòòji. Ilé tí a bá ṣí òrùlé rẹ̀ ni ó ń wọ̀.

Ní igun kan, agbawo 3 ti yọ orí jáde láàárín Akíntólá, ewé wọn dà bí agboòrùn tí a ṣí. Igi yìí a máa yára dàgbà, kì í sì í pẹ́ láyé, bí 20 ọdún náà ni. Ọmọ tirẹ̀ kì í lè dàgbà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ igi ẹlòmíràn ni ó ń bò lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ wọn. Akíntólá ti ń rọ níbẹ̀, ewé eéran 2 sì ti yọ.

A jókòó, a ṣírò. Owó ilé-ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni, n kò sì lè sọ pé kí a má tà nǹkan kan. A ta afàrà 1 tí ó wà létí ọ̀nà, tí ó ṣubú sí ojú ọ̀nà láì pa ohunkóhun lára. A kọ̀ láti ta ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi bínú gidigidi, kò sì tíì pè mí lórí fóònù títí di òní. Ohun tí ó kù nínú owó náà, alájẹṣẹ́kù ẹgbẹ́ wa ni ó yá mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ akápò.

Ìyá mi kí gbogbo yín, ara rẹ̀ le. Mo kó ìdì ewé eéran 6 bọ̀. 2 ti lọ sí ilé ìyá ìkókó tí a sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ lọ́jọ́ Àìkú tí ó kọjá. 4 tí ó kù wà nílé wa lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ tètè ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbẹ.