Kí Ọmọ Tó Ka Máàkì, Kó Sọ Ìtumọ̀

Ẹ̀yin ará mi, àwọn kan nínú yín ti bi mí ìdí tí mo fi ń kó àwọn ọmọ jọ sídìí Scrabble lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú níbí ní Tudun Wada. Ìyá kan tiẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé, “Ṣé ayò ni wọ́n wá ta ni?” Ìbéèrè yẹn tọ́. Ẹ jẹ́ n dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n ta, ẹ gbọ́ ná. Ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Butts, ló ṣe é ní ọdún 1938. Ègé lẹ́tà 100 ló wà nínú àpò. Èèyàn á mú méje, á sì fi wọ́n to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí pátákó. Lẹ́tà tó wọ́pọ̀ bí A àti E, máàkì kan péré ni. Q àti Z, máàkì 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá lo méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà á gba máàkì 50 lé e.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ gígùn ló ń borí nígbà gbogbo nìyẹn. Ó tì o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, lọ sí ìdíje àgbáyé ní ìlú Perth ní Australia, ó sì na Lewis Mackay, ará Bìrìtìkó, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò yẹn. Nínú ayò tó fi kádìí rẹ̀, ó to FELTY sílẹ̀, lẹ́tà márùn-ún, ó sì gba máàkì 36. Àwọn ará wa tó mọ ayò yìí ta fẹ́ràn ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún gan-an ni. Ẹni tó bá lo márùn-ún, méjì tó dáa ṣì kù sí i lọ́wọ́, kò sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnì kejì lórí pátákó. Àwọn bàbá wa mọ ọgbọ́n yìí nídìí ayò ọlọ́pọ́n. Òpe ń wo ọmọ ayò tó máa jẹ báyìí, ọ̀ta ń wo èyí tó máa kù sójú ọpọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2015 yẹn kan náà. Nigel Richards, ará New Zealand, gba ife ẹ̀yẹ Scrabble èdè Faransé ní Belgium, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Ó ti fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè wọn sórí. Nígbà tí wọ́n fún un ní ife, ògbufọ̀ ló bá a dúpẹ́. Mi ò bú u o, ọpọlọ ọkùnrin náà pọ̀. Òfin ayò ò béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ayé ń béèrè ìtumọ̀. Ibi tó ti kan àwa Yorùbá tó ń tọ́ ọmọ ní Sókótó nìyí. Haúsá ni ọmọ ń sọ ní títì, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé, Yorùbá ní ilé, tó bá ráyè. Ìyá àgbà kan pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ara le?” Ọmọ fọwọ́ tẹ apá ara rẹ̀ wò, ó dáhùn pé, “Rárá, Màmá, ara mi ò le, ó rọ̀.” Ìyá àgbà figbe bọnu, ó ní kí wọ́n lọ sọ fún òun ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọmọ lọ. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn dùn mí. Lẹ́tà méjì ló wà nínú “le”. Ọmọ mọ̀ ọ́n, ìlàjì ìtumọ̀ rẹ̀ ló mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwa fi ní òfin tiwa. Kí o tó ka máàkì, sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ ní Yorùbá. Tí kò bá ní orúkọ ní Yorùbá, ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Tó ò bá lè ṣàlàyé, ìlàjì máàkì ni tìrẹ. FELTY ná wa ní àkókò díẹ̀ kí a tó dé ibi aṣọ tí wọn kò hun, tí wọ́n fi irun àgùntàn tẹ̀ pọ̀ títí ó fi nípọn. NAIRA wà nínú ìwé Scrabble, máàkì 5 péré ni. Ọmọ kan ní, “Ẹ ò rí i pé kò níye lórí mọ́!” Tí Q bá sì wọlé láìsí U, ìyẹn tó ń da àwọn ẹlòmíì láàmú, àwọn ọmọ wa á to NIQAB. Kò sí ọmọ Tudun Wada tó nílò ìwé kó tó mọ̀ pé ìbòjú ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù gùn ju márùn-ún lọ: DASHIKI, lẹ́tà méje. Láti inú dàńṣíkí tiwa ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ Haúsá, tó ń pè é ní dan ciki, aṣọ tí à ń wọ̀ sínú. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa ti wà ní Sókótó o, ẹ jẹ́ ká wo àpò wò.

Èdè tiwa tiẹ̀ le ju ti wọn lọ lórí èyí. Ẹ to O, K, O síwájú ọmọ, kẹ́ ẹ fi àmì sí ìdí O méjèèjì. Ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí à ń roko, àbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sílé, àbí ọ̀kọ̀ ọdẹ? Lẹ́tà ò lè sọ fún un. Ẹnu yín ló máa gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, mi ò ní kẹ́ ẹ wá ta ayò. Ẹ wá jókòó tì wá ni mo ní. Tí ọmọ bá to ọ̀rọ̀, tí Yorùbá rẹ̀ ò wá sí wa lẹ́nu, ẹ̀yin la máa bi. Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ní kí ọmọ yín kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà márùn-ún, kẹ́ ẹ jọ wá ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kó mú un wá lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ tó ní ara òun rọ̀ yẹn ti kó tirẹ̀ wá. Ìyá àgbà ló bá a wá mẹ́ta nínú wọn lórí fóònù.